“Bàbá, Ẹ Dúró Síta”

Àdúrà kan wà tí kò sí aboyún tí a kì í ṣe é fún ní ilẹ̀ wa: “A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.” Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí i. Mo ṣe àmín sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣe é ní ìdí ọjà, mo ṣe é ní àgbàlá wa ní Ọ̀sí nígbà tí àwọn ìyàwó ilé bá ń kí ara wọn. Ní ọdún 2019, nígbà tí ó kan èmi gan-an, ohùn ìyá nìkan ni a gbọ́. Ọmọ náà kò ké. Ọkùnrin ni.

Tíṣà ni mí. Ọmọ Ọ̀sí ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ Kwara. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìlọ́fà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá sọ pé Èkìtì ni mí, àwọn àlejò máa ń rò pé Adó ni mo ti wá. Èkìtì náà ni wá lóòótọ́, ahọ́n wa jọ, ààlà tí ìjọba fà ló pín wa níyà. Bíi ti ọ̀pọ̀ tíṣà níhìn-ín, mo ní oko iṣu díẹ̀ àti igi kajú díẹ̀, nítorí pé owó oṣù nìkan kò lè gbọ́ bùkátà.

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́, inú mi dùn gan-an. Mo gba àyè lọ́wọ́ hẹdimásítà, mo gbé e sẹ́yìn máṣínì mi, ó di ilé ìlera. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ aboyún. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn obìnrin ti kún orí bẹ́ńṣì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo tẹ̀lé ìyàwó mi wọlé, mo fẹ́ wá àyè jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì tó ń pín káàdì gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ dúró síta. Obìnrin ló wà níbí o.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Àwọn aboyún rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí mo gbé máṣínì sí.

Kí n má purọ́, ara tù mí. Ojú ti ń tì mí kí n tó wọlé, èmi nìkan ọkùnrin láàárín obìnrin tó tó ogún. Mo gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà bí ìwé àyè. Láti ọjọ́ yẹn, màá gbé ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà, màá fún un lówó, màá yí máṣínì padà sí ilé ìwé. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, màá béèrè pé, “Kí ni wọ́n wí?” Á dáhùn pé, “Wọ́n ní dáadáa ni.” Ọ̀rọ̀ parí. Mo rò pé mo ń ṣe ojúṣe mi, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kì í gbé ìyàwó tiwọn dé ẹnu ọ̀nà pàápàá.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ náà wú, òrùka ìgbéyàwó kò sì wọ ìka rẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ní, “Ọkọ mi, fọkàn balẹ̀. Omi ni. Bí oyún bá jẹ́ ọkùnrin, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ìyá mi bí ọmọ méje. Ta ni èmi tí n ó bá a jiyàn? Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, mo ra oògùn orí fífọ́ fún un lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ó dé láti ilé ìlera, ó ní, “Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, bóyá wọ́n á kọ̀wé fún wa lọ sí ọsibítù ńlá.” Mo wo àpò mi. Owó oṣù kò tíì wọlé. Mo ní, “Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ó ní, “Ó dáa.” Títí di òní, “ó dáa” yẹn ṣì ń dún létí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sóko. Oko wa wà lẹ́yìn òkè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà ni. Láàárọ̀, ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ní òun ń rí nǹkan méjì-méjì. Ó sọ fún ìyá mi. Aládùúgbò wa kan tó ní mọ́tò ní òun yóò gbé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pàṣẹ? Ọwọ́ mi ni owó wà, ọwọ́ mi ni káàdì wà, ẹnu mi sì ni wọ́n ń dúró dè. Ìyá mi ní, “Ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dé.” Wọ́n ń pè mí, kò lọ. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ dé ojú títì ní ọ̀sán, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra: ìpè mọ́kànlá. Kí n tó délé, gìrì ti gbé e.

Ibi àkọ́kọ́ tí a gbé e dé ní agbára àwọn kò ká a, kí a máa lọ síwájú. Ibi kejì gbà wá, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó dá gìrì náà dúró. Ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ìyàwó mi sùn fún ọjọ́ méjì, kò mọ ibi tó wà. Lọ́jọ́ kẹta ó lajú, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó wò mí. Kò béèrè nǹkan kan.

Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, dókítà ní kí n mú káàdì aboyún wá. Inú báàgì ilé ìwé mi ló wà. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, mo fi nọ́lọ́ọ̀nù wé e kí òjò má bàa pa á. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán tó dá a padà fún mi, mo jókòó sórí àga ní kọ́rídọ̀, mo ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀, wọ́n kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 110/70, 120/80, 130/80, 140/90. Ó ń gòkè bí ẹni gun àkàbà. Ní ẹ̀yìn káàdì, wọ́n tẹ àwọn àmì ewu síbẹ̀ ní èdè Yorùbá: ojú àti ọwọ́ tó wú, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, omi tó tú ṣáájú àkókò, ọmọ tí kò yí mọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé kí aboyún tó bá rí ọ̀kan nínú wọn tètè wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún mi ni kí n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà. Oṣù mẹ́jọ ni mo gbé káàdì yẹn kiri, n kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n dúró síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà wà ní ọwọ́ mi ní ìta tí mo dúró sí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni tó ń wá ẹjọ́ ara rẹ̀ nínú ìwé òfin. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ti ilé kan. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí a bí, nǹkan bí 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn, àti pé fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, obìnrin bí 512 ló ń bá oyún tàbí ìbímọ lọ. Mo kà pé àwọn obìnrin méjì tó ń ṣèwádìí, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, ti kọ̀wé ní ọdún 1994 pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: ìdádúró ní ilé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà kí wọ́n tó débẹ̀, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó rí ìtọ́jú gbà. Mo ka ti àkọ́kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé tiwa, èmi ni ìdádúró àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ní ẹsẹ̀, ó ní ọpọlọ, aládùúgbò ní mọ́tò, gbogbo wọn sì ń dúró de ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn òkè.

Mo tún kà pé ní ọdún 2002, wọ́n dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní magnesium sulphate wò lára aboyún tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, wọ́n sì rí i pé ó ń dín gìrì aboyún kù dé ìdajì. Oògùn olówó ńlá kọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè wá bá aboyún nílé. Ẹnìkan ní láti gbé aboyún lọ bá oògùn, ní àkókò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé àṣà ló ń lé ọkùnrin sẹ́yìn, pé “ọ̀rọ̀ obìnrin” ni oyún nílẹ̀ Yorùbá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi, ohun tó sọ yàtọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ń bí wa nílé, ọkùnrin kì í wọ yàrá, ṣùgbọ́n kì í kúrò nítòsí. Òun ló ń ṣa ewé àgbo, òun ló ń la igi tí wọ́n fi ń gbé omi gbígbóná kaná, òun ló ń sáré lọ pe ìyá agbẹ̀bí lóru. Òun ló sì gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n bo ibi ọmọ mọ́lẹ̀. “Bí mi ò bá sí nílé,” ó ní, “ta ni ì bá gbẹ́ ilẹ̀?” Ìlú wa yìí náà ni Àreògún ti wá, agbẹ́gilére tó kú ní ọdún 1954, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun lónìí. Bí ẹ bá wo ère Ẹpa tí àwọn agbẹ́gilére agbègbè wa gbẹ́, ẹ ó rí ìyá tó gbé ọmọ dání, tó tún pọn òmíràn. Ọwọ́ ọkùnrin ló gbẹ́ ẹ, orí ọkùnrin ló ń gbé e jó ní ọjọ́ ọdún, bó ti wúwo tó. Àwọn baba wa mọ ìwúwo ìkúnlẹ̀ abiyamọ ju bí a ti ń rò lọ.

Nígbà tí ìbímọ kúrò ní ilé tó bọ́ sí ilé ìlera, ẹ̀mí púpọ̀ là. Èyí dára, n kò sì fẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ti ń kó lọ, iṣẹ́ ọkùnrin ṣòfò sí ilé, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní òmíràn. Wọ́n kàn ní kó mú owó wá, kó sì dúró síta.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ọkùnrin níbi tí a ti ń mu ẹmu. Ní àkọ́kọ́ wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, “Tíṣà, ṣé ìwọ náà fẹ́ lóyún ni?” Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń ṣú, òtítọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọlọ́kadà kan ní òun kò lè fi odidi òwúrọ̀ jókòó sí ilé ìlera, nítorí owó òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ máa fi jẹun alẹ́. Àgbẹ̀ kan ní òun máa ń sá nítorí ìwé ohun èlò tí wọ́n máa ń kọ fún aboyún: ìbọ̀wọ́, òwú, oògùn apakòkòrò, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn. Ó ní bí òun bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ka ìwé náà lójú gbogbo ènìyàn tí òun kò sì lówó, òun ti dẹni ẹ̀tẹ́. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, ìyàwó òun á kàn ní òun yóò lọ sọ fún ọkọ òun. Ẹnìkan fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé wọ́n máa ń ní kí tọkọtaya yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún kòkòrò HIV, pé òun kò fẹ́ mọ̀. Àgbàlagbà kan ní òun bá ìyàwó òun wọlé lẹ́ẹ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì jágbe mọ́ òun bí ọmọdé nítorí pé oyún náà tètè tẹ̀lé èyí tó ṣáájú, kò sì tún padà síbẹ̀ mọ́.

Bí mo ti ń gbọ́ wọn, mo rí i pé kò sí ẹnìkan tó sọ pé òun kò fẹ́ràn ìyàwó òun. Ìtìjú pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn ju àìbìkítà lọ. Ìtìjú àìlówó, ìtìjú àìmọ̀, ìtìjú kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin tí ojú ń tì kì í sọ pé ojú ń ti òun. Á ní iṣẹ́ pọ̀ ni, tàbí kó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó mi kò fi gbà láti tún lóyún. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2023, ó kàn sọ láìwojú mi pé, “Bí Ọlọ́run bá tún fún wa, ẹ ó bá mi wọlé. Ẹ ò ní dúró síta.” Mo ní mo gbọ́.

Ní ọdún 2024, ó lóyún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ, mo kọ́kọ́ wọlé lọ kí nọ́ọ̀sì àgbà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní 2019. Ó gbọ́ mi títí. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wo yàrá yìí.” Mo wò ó. Yàrá kan ni, ibùsùn kan, kò sí kọ́tìnnì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ ikùn obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Bí mo bá jẹ́ kí ẹ wọlé, ìhòòhò ìyàwó oníyàwó ni ẹ máa rí. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín.” Láti ọdún yìí wá, mo ti ń bínú sí ọ̀rọ̀ kan tí nọ́ọ̀sì kan sọ, n kò sì ronú kan aṣọ mítà mẹ́ta tí kò sí lára ògiri.

A jọ wá ọgbọ́n dá sí i. Ìyàwó mi yóò jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí wọ́n á yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ, èmi yóò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ bí ọkàn ọmọ mi ti ń lù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ láti ka nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru, tí mo sì mọ̀ pé bí nọ́ńbà òkè bá ti dé 140 tàbí ti ìsàlẹ̀ dé 90, kì í ṣe ohun tí a ń fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti ọdún 2016 pé ó yẹ kí aboyún fojú kan òṣìṣẹ́ ìlera tó ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán. A lọ tó ìgbà mẹ́sàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ mí ní “Ọkọ Aboyún”. Ní àkọ́kọ́ ó dùn mí, nígbà tó yá mo ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà níwájú wa. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ọba ìlú Kóòro, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, wọ́n sì pa kábíyèsí. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni gba inú igbó kọjá. Bí ìrọbí bá mú obìnrin ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ni ọkọ rẹ̀ yóò ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kọjá kí a máa sọ fún ọkùnrin pé kó jẹ́ ọkọ rere. Èmi àti ìyàwó mi jókòó, a ṣírò rẹ̀. Mo ta kajú ọdún yẹn, n kò fọwọ́ kan owó rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó bí, ó lọ dúró lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Òmù-Àrán, nítòsí ọsibítù. Mo fún un ní owó náà sí ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un lójú ìyá mi pé, “Bí ohunkóhun bá ṣe ọ́, má dúró dè mí. Máa lọ.” Ìyá mi ní, “Àmín,” bí ẹni pé àdúrà ni mo gbà.

Mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó rọrùn láti rò pé kí ọkùnrin kópa ni kí ọkùnrin tún gba àṣẹ sí i. Ní apá kan ilẹ̀ Tanzania, níbi tí wọ́n ti ń rọ àwọn ọkọ láti máa bá aya wọn wá, àwọn olùwádìí rí i pé wọ́n ń dá àwọn obìnrin tí kò mú ọkọ wá padà, tàbí kí wọ́n fi wọ́n sí ẹ̀yìn. Opó ńkọ́? Ọmọbìnrin tí ọkùnrin sá fi sílẹ̀ ńkọ́? Bí a bá sọ ọkọ di kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn, a tún ti da ọjọ́ Sátidé tèmi yẹn padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nígbà tó dábàá ní ọdún 2015 pé kí a fa ọkùnrin mọ́ ìtọ́jú aboyún, fi kún un pé kò gbọdọ̀ gba ẹ̀tọ́ ìpinnu kúrò lọ́wọ́ obìnrin. Iṣẹ́ ọkọ ni kí ó mọ̀, kí ó múra sílẹ̀, kí ó sì yẹra fún ojú ọ̀nà.

Àwọn tó ti dán an wò rí èrè rẹ̀. Ní Bobo-Dioulasso, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nígbà tí wọ́n pe àwọn ọkọ sí ìjíròrò ní ilé ìlera nígbà oyún àti lẹ́yìn ìbímọ, àwọn ìyá tó padà wá fún ìtọ́jú lẹ́yìn ìbí pọ̀ sí i, àwọn tó fún ọmọ ní ọmú nìkan náà sì pọ̀ sí i. Wọn kò kọ́ ilé ńlá. Ìpè lásán ni. Àwa náà lè ṣe é níhìn-ín: kí nọ́ọ̀sì fi ìwé pélébé rán aboyún sí ọkọ rẹ̀ pé a fẹ́ rí i, kí wọ́n ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù, nígbà tí tíṣà kò lọ ilé ìwé, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ra kọ́tìnnì, kí wọ́n ka ìwé ohun èlò fún ọkọ ní ìkọ̀kọ̀, láti oṣù kẹrin, kó lè máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó wọn bá bímọ. Ó dára, ṣùgbọ́n kò kan ọlọ́kadà, kò kan àgbẹ̀ Ọ̀sí. Tiwọn, a fi kí àwa tí a jọ ń gbé gbà wọ́n láyè. Ní tèmi, hẹdimásítà mi ló di kíláàsì mi mú.

Ìrọbí mú ìyàwó mi ní ọ̀sán. Kò dúró dè mí. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, ó ti wà lórí ibùsùn. Agbẹ̀bí náà wò mí, mo ti múra láti gbọ́ “Bàbá, ẹ dúró síta.” Ó ní, “Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ wá di ọwọ́ rẹ̀ mú.” Mo dì í mú fún bíi wákàtí kan. Mo fi aṣọ nu ojú rẹ̀, mo ń fún un ní omi. Ohun tí obìnrin ń là kọjá nínú wákàtí kan yẹn, n kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo ọdún tí mo ti wà láyé, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi náà jẹ́ ọmọ obìnrin.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé obìnrin mìíràn wọlé, ó ń rọbí kíkan. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, kò sí kọ́tìnnì láàárín. Ó rí mi, ó sì fa aṣọ bo ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó mi, ó mi orí, mo dìde, mo jáde fúnra mi. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyá. Mo ń ka iye ìgbà tí mo mí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ọmọ.